Ọ̀bẹ Kì Í Mú Títí Kó Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀

Àwọn àgbà kò fi òwe yìí bú ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ tí kò mú kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ náà; èyí tó mú gan-an ni wọ́n ń bá wí, torí òun ló lè rò pé kò sí ohun tí òun kò lè gé. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni mo fẹ́ fi bá sọ̀rọ̀, lórí fítámínì, oògùn ewé àti hóró amáralókun tí ẹ ń lò fún ara yín.

Mi ò ní kí ẹ má lò ó. Ẹni tó ṣiṣẹ́ alẹ́ mọ́jú, tó yí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì títí ẹ̀yìn fi ń ro ó, tí oorun ọ̀sán sì kọ̀ tí kò wá, kò jẹ̀bi bó bá wá ohun tí yóò gbé e ró. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé púpọ̀ nínú yín kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí aláìsàn bá wọ wọ́ọ̀dù, ẹ ó bi í pé: “Yàtọ̀ sí oògùn tí dókítà kọ fún yín, kí lẹ tún ń lò nílé?” Ẹ ó gbọ́ èsì, ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló ti bi ẹ̀yin náà rí?

Ẹ wo biotin, fítámínì kan tí ọ̀pọ̀ ń lò kí irun àti èékánná lè dára. Nǹkan bí máíkírógíráàmù 30 lójúmọ́ tó àgbàlagbà, síbẹ̀ hóró kan lè ní 5,000 tàbí 10,000 nínú. Bó bá pọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè da àyẹ̀wò rú, kí troponin tí a fi ń mọ̀ pé ọkàn ti fara pa kéré lórí ìwé nígbà tó ga nínú ara. Àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2017, wọ́n sì mẹ́nu kan aláìsàn kan tó kú lẹ́yìn irú èsì bẹ́ẹ̀. Bí àyà bá ń dun nọ́ọ̀sì, tí kò sì sọ pé òun ń lo biotin, kí ni dókítà tó ń ka èsì náà fẹ́ fi mọ̀?

St John's wort, oògùn ewé tí àwọn kan ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì, náà ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè pa oògùn mìíràn rẹ́. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí lè má ṣiṣẹ́ mọ́, agbára warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sì lè dín kù.

Ti agbẹ̀bí tún wúwo sí i, nítorí ohun tó bá a lára mu kì í pẹ́ dé ẹnu rẹ̀ bó bá ń gba aboyún nímọ̀ràn. Fítámínì A tó jẹ́ retinol, bó bá kọjá 10,000 IU (ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára ike fítámínì) lójúmọ́, lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Hóró méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀ sì lè jọ ní in nínú, kí ẹni tó ń lò wọ́n má mọ̀. Aboyún kì í sábà bi agbẹ̀bí ní ìbéèrè kejì. Bó ti gbọ́ ọ ni yóò ṣe é.

Nítorí náà, ẹ kó gbogbo ike oògùn yín jọ sórí tábìlì. Ẹ kọ orúkọ wọn, ìwọ̀n tí ẹ ń lò àti ìdí tí ẹ fi ń lò ó, kí ẹ sì gbé ìwé náà lọ bá apòògùn tàbí dókítà. Ẹ dáhùn ìbéèrè rẹ̀ bí aláìsàn, ẹ má dáhùn bí nọ́ọ̀sì. Bó bá di iṣẹ́ abẹ, ẹ jẹ́ kí ìwé náà ṣáájú yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa kùn yín lóorun, torí oògùn ewé tí ń jẹ́ ginkgo àti hóró áyù lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà ju bó ṣe yẹ. Bó bá ní kí ẹ dá ọ̀kan dúró, ẹ bi í ní ìgbà tí ẹ lè padà sí i.