Bó Ṣe Ń Ta Yín Tó Kọ́ Ló Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Tó

Lánàá ni onígbàjámọ̀ kan tún ń sọ ọ́ létí mi: "Tí bíléèdì bá gé ẹ níbi tó o ti ń fá irun abẹ́, da Dettol sí i láìbomi là á. Bó bá ti ń ta ẹ́, ó ń pa kòkòrò nìyẹn." Àwọn tó jókòó sì ń mi orí bí alángbá.

Ẹ jọ̀ọ́, ara yín ló ń ké yẹn. Chloroxylenol tó wà nínú Dettol ń pa kòkòrò lóòótọ́, àmọ́ tó bá le jù, awọ tuntun tí ara fẹ́ fi pa egbò dé náà ò ní gbádùn. Spirit ò sàn jù ú lọ. Awọ abẹ́ fẹ́lẹ́. Ohun tí àtẹ́lẹwọ́ gbà, ẹpọ̀n àti ojú ara obìnrin ò ní gbà á. Ẹ tiẹ̀ ka ara ìgò: àwọn tó ṣe é fúnra wọn ní kí ẹ bomi là á. Ti Izal ò tiẹ̀ yẹ ká máa sọ, ilé ìgbẹ́ là ń fi í fọ̀!

Oògùn ni mò ń tà, mo sì mọ ohun tí ń tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Ẹni tí bíléèdì kàn ha lára á wọlé, á máa ya ẹsẹ̀ rìn, awọ ibẹ̀ á ti bó. Ojú ibi tó gé ti ń jiná o, ohun tó dà sí i ló jó o. Wọ́n á ní bàbá àwọn náà lò ó. Ó dáa. Egbò kékeré máa ń jiná fúnra ẹ̀, Dettol wá gba ọpẹ́.

Omi tó mọ́ ti tó. Àwọn oníwàádìí ti fi omi ẹ̀rọ wé omi oníyọ̀ ti ọsibítù, wọn ò rí i pé omi ẹ̀rọ mú egbò kẹ̀ jù. Láti 1962 ni oníwàádìí kan, George Winter, ti fi hàn lára ẹlẹ́dẹ̀ pé egbò tí a bò kó má gbẹ ń yára pa awọ dé ju èyí tó sé èépá lọ. Torí náà, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, ẹ fomi ṣàn án, ẹ fi Vaseline díẹ̀ pa á, ẹ wọ pátá tí ò fún, kí ẹ sì fi ìbálòpọ̀ sílẹ̀ títí á fi jiná. (Vaseline ń ba kọ́ńdọ̀mù jẹ́, ẹ má pa wọ́n pọ̀.) Ẹ̀yin tí ẹ ń tú kápúsù ampicillin sójú egbò, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀.

Dettol tí a bomi là dáadáa lè má ṣe ẹlòmíì ní nǹkan, mo gbà.

Tó bá ń ṣọyún, tó ń wú, tí ibà dé, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, ọsibítù ni. Tí bíléèdì bá dípẹtà tàbí dọ̀tí, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Egbò tó sì yọ lábẹ́ láìjẹ́ pé nǹkan gé yín, kódà tí kò bá dùn yín rárá, ó lè jẹ́ àrùn ìbálòpọ̀. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò.