Èsì wa sí oníbàárà tó fún ìrìn-àjò ọgbà àjàrà wa ní South Africa ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ̀gbọ́n wa, a rí ohun tí ẹ kọ, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Àwọn tó ń ka ojú ewé yìí kí wọ́n tó wá sanwó ní ọ́fíìsì wa ní Wuse ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ tẹnu tiwa náà.

Ẹ ní ilé wáìnì mẹ́ta péré la mú yín dé lójúmọ́, wọ́n sì ń bu ọtí “bí ẹni ń bu oògùn ọmọdé”. Mẹ́ta ló wà nínú ìwé ètò tí akọ̀wé wa fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì, ẹ sì fèsì pé “ó dáa bẹ́ẹ̀”. Oríṣi wáìnì márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú àlejò nílé kan, nǹkan bíi 30 ml lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ro márùn-ún pọ̀: 150 ml, ife kan gidi. Bí ẹ bá dé ilé mẹ́ta, ife mẹ́ta ti wọlé, bẹ́ẹ̀ ife márùn-ún péré ló wà nínú odindi ìgò. Ẹni tó bá tún fẹ́ wọ ìkẹrin, ahọ́n rẹ̀ ti kú, kò ní mọ wáìnì Chenin Blanc yàtọ̀ sí ti Sauvignon Blanc mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé àwo itọ́ sórí tábìlì. Ẹ tọ́ ọ wò, ẹ tu ú dànù, kò sẹ́ni tó máa bínú.

Ọ̀rọ̀ lọ́fínńdà tí ẹ ní a kò jẹ́ kí ẹ fín: bẹ́ẹ̀ ni, a ní kí ẹ má fín in láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ ife ni a ń dì mú, a ó fì í díẹ̀díẹ̀ kí atẹ́gùn lè kan ọtí inú rẹ̀, a ó ti imú bọ ẹnu ife, lẹ́yìn náà ni ahọ́n á tó kàn án. Pinotage, wáìnì pupa tí ẹ lọ tọ́ wò yẹn, ní ìlú Stellenbosch ni ọ̀jọ̀gbọ́n Perold ti mú àjàrà rẹ̀ jáde lọ́dún 1925 láti ara àjàrà Pinot Noir àti Cinsaut. Imú ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Bí òórùn lọ́fínńdà ẹnìkan bá gba yàrá, gbogbo ẹni tó jókòó sídìí tábìlì náà ló pàdánù.

Ti ilé àlejò ní ìlú Tulbagh ló dùn wá jù. Ẹ pè é ní “ilé gbígbó tí kò ní AC, tí pákó ilẹ̀ rẹ̀ ń ké”. Ilé àtijọ́ lẹ sanwó fún, ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ mì tìtì ní agbègbè náà ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, ó ba ilé jẹ́ lọ súà, wọ́n sì fi sùúrù tún ilé 32 kọ́ ní Church Street kí wọ́n lè rí bí wọ́n ti rí tẹ́lẹ̀. Òfin ilẹ̀ South Africa ti ọdún 1999 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilé tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún láìgba ìwé àṣẹ. Ta ló fẹ́ lu irú ògiri bẹ́ẹ̀ torí AC? AC ti mọ́ wa lára ní Abuja, a gbà, àmọ́ ògiri nínípọn àti òrùlé koríko ni AC ilé yẹn. Alẹ́ ni wọ́n ń ṣí fèrèsé rẹ̀; kí oòrùn tó mú láàárọ̀, wọ́n á ti pa gbogbo rẹ̀ dé pátápátá. Olùtọ́jú ilé sọ ọ́ fún yín lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí awakọ̀ wa wá gbé yín lọ́sàn-án Ẹtì, fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà ní ṣíṣí.

Ẹ tún ní awakọ̀ náà le, kò bá yín mu wáìnì. Kò ní bá oníbàárà kankan mu ún láéláé. Fún awakọ̀ akẹ́rò níbẹ̀, gíráàmù ọtí 0.02 nínú 100 ml ẹ̀jẹ̀ ni òfin fi ààlà sí.

Ní ti ìgò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú Cape Town, inú báàgì ọwọ́ lẹ fi sí. Ohun olómi tó bá ju 100 ml lọ kì í bá èrò wọkọ̀ lọ sílẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀yin tó ń bọ̀, ẹ fi aṣọ wé ìgò, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín àpótí tí ẹ máa fi sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ìgò kan wúwo tó kílò kan àti díẹ̀, ẹ rántí èyí kí ẹ tó ra mẹ́fà.

A kò jẹ yín ní kọ́bọ̀. Síbẹ̀, ìgò Pinotage méjì ń dúró dè yín ní Wuse dípò ọ̀kan tí wọ́n gbà, kí ẹ mú rìsíìtì dání. Ìwé ètò ṣì wà lórí WhatsApp yín. Ọ̀rọ̀ fèrèsé, lọ́fínńdà àti ìgò wà ní ojú ewé kejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á lọ́tẹ̀ yìí.