Kí ẹ tó jápa, ẹ ka ọ̀nà náà láti ẹnu ọ̀nà ilé yín

Ẹ̀yin ará Òṣogbo tí ẹ ti ń ta ilẹ̀ nítorí físà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Òkè Baálẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Calgary, ní Kánádà, ni mo wà báyìí.

Ẹ́jẹ́ǹtì tó bá mi ṣe ìwé ní wákàtí 15 ni ìrìn-àjò náà. Ìgbà tí bàálù fi wà lófuurufú nìkan ló kà. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù tó kìlómítà 5,000, bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Lọ́ńdọ̀nù sí Calgary tó 7,000, bíi wákàtí 9. Ta ló wá ka ọ̀nà Gbọ̀ngán sí Ìbàdàn, àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó? Mo kúrò nílé lẹ́yìn ìrun Àsùbáà kí n lè bá bàálù alẹ́. Mo jókòó wákàtí 7 ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí mo fi máa wọ yàrá tí mo háyà, ó ti lé ní wákàtí 40.

Ìyẹn ò dùn mí. Èyí tó dùn mí nìyí.

Bàbá mi jáde láyé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago 6 àárọ̀. Aago 10 alẹ́ ọjọ́ Ajé ni lọ́dọ̀ wa ní Calgary. Mùsùlùmí ni wá, a kì í dá òkú dúró. Lẹ́yìn Àìlà, wọ́n kírun sí bàbá lára, wọ́n sin wọ́n. Bí bàálù bá tilẹ̀ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè bá ìsìnkú náà. Èmi dáwódù, inú fóònù àbúrò mi ni mo ti ń wo bí wọ́n ṣe ń da yẹ̀pẹ̀.

Mo ní kí n lọ bá wọn ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi ṣì ní ọdún méjì lára, àmọ́ físà inú pásípọ́ọ̀tù mi ti kú. Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa: ọ̀tọ̀ ni ìwé àṣẹ, ọ̀tọ̀ ni físà. Mo lè jáde, ṣùgbọ́n mo ní láti gba físà tuntun kí n tó lè padà wọlé. Mi ò lọ.

Nígbà òtútù, wákàtí 8 ni ilé fi ṣíwájú wa. Bí mo bá ṣíwọ́ ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, aago 2 òru ni ní Òṣogbo. Ìyá mi ṣì máa ń jí gbé ìpè mi. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà.

Mi ò ní kí ẹ má lọ. Ẹ ya owó tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀ sọ́tọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó gbé yín débẹ̀, ẹ má ra méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí pé ó dínwó. Ẹ máa wo ọjọ́ tí físà yín máa kú. Kí ẹ sì jókòó ti bàbá yín, kí ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n fẹ́ kó gbà wọ́n wọ sàárè bí ẹ ò bá lè dé. Èmi ò bi tèmi.