Kì í ṣe ọpọlọ àràmàǹdà ni wọ́n fi ń ṣe bàálù nílé

Wọ́n tún ti fi fídíò yẹn ránṣẹ́. Bí ẹ kò bá rí ti ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ti rí irú rẹ̀ rí: ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sínú ohun tó fi páànù, páìpù àti táyà kẹ̀kẹ́ ṣe, ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà ń bú ramúramù lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e, ohun náà sì ń yí lórí pápá iléèwé títí fídíò fi tán. Kò gbéra nílẹ̀. Ni ẹ̀gbọ́n wa kan lórí WhatsApp àwa ọmọ iléèwé àtijọ́ bá gbé ohùn sílẹ̀: "Ẹ ò rí nǹkan! Ká ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, ìjọba ti gbé e lọ, wọ́n ti kọ́ iléeṣẹ́ fún un. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni wọ́n ń fi ṣòfò yẹn." Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àmín.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà tí ẹ ń wí yẹn ni mo wà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Texas, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe jù. N kò ka ìwé ẹ̀rọ kankan ju físíìsì tí wọ́n fi nà mí ní SS2 lọ. Nínú gáràjì ilé mi, níbi tó yẹ kí mọ́tò ìyàwó mi máa sùn, ni mo ti to bàálù tí mo sì parí rẹ̀. Ó ní nọ́ńbà, ó ní ìwé, ó ń fò. Ìjọba Amẹ́ríkà kò fún mi ní kọ́bọ̀. Ní ti ẹ̀bùn àràmàǹdà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó mọ iye ìgbà tí mo ti dá iná sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé rú.

Bàálù tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tó wà nínú ìwé orúkọ ìjọba níbí ju 25,000 lọ. Dókítà eyín ló ṣe òmíràn, awakọ̀ tírélà ló ṣe òmíràn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, plọ́ḿbà. Ẹgbẹ́ wọn ni EAA, tí Paul Poberezny dá sílẹ̀ ní Wisconsin ní 1953. Lọ́dọọdún, ní ìparí oṣù Keje, wọ́n máa ń kó bàálù wọn lọ sí ìlú Oshkosh ní Wisconsin níbẹ̀, débi pé láàárín ọ̀sẹ̀ náà kò sí pápá ọkọ̀ òfurufú tí ọwọ́ àwọn olùdarí rẹ̀ máa ń dí tó tibẹ̀ ní gbogbo ayé. Bí ẹ bá lọ síbẹ̀ pé ẹ fẹ́ rí àwọn olùdásílẹ̀ ohun tuntun, àwọn bàbá àgbà tó dé fìlà, tí wọ́n ń jiyàn lórí ọ̀dà àti bóòtù, ni ẹ máa bá.

Òfin FAA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, tó fàyè gba irú bàálù yìí béèrè ohun méjì. Àwọn tó fẹ́ gba ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ ara wọn ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ìyẹn ló fi di ohun tí gbogbo èèyàn ń pè ní òfin ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe é nítorí ẹ̀kọ́ tàbí ìgbádùn ara wọn nìkan. Lójú ìjọba Amẹ́ríkà, fàájì ni mò ń ṣe. Èmi àti ẹni tó ń lọ fi ìwọ̀ pẹja ní Sátidé, bákan náà ni wọ́n rí wa. Ta ló ń fún apẹja Sátidé ní owó ìrànwọ́?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an, nítorí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn yẹn ti máa ń bí mi nínú jù. Èyí tí mo ṣe ni RV-9A. Iléeṣẹ́ Van's Aircraft ní Oregon, tí Richard VanGrunsven dá sílẹ̀ ní 1973, ló ń ta àwọn ẹ̀yà rẹ̀, bàálù RV tó ti fò sì ti ju 11,000 lọ. Inú àpótí ló ń bá yín dé, ní ìpín-ìpín: ìrù kọ́kọ́, lẹ́yìn náà apá, lẹ́yìn náà ara, lẹ́yìn náà àwọn ohun ìparí. Bí owó bá ṣe ń wọlé lèèyàn ṣe ń ra ìpín tó kàn. Ẹ̀rọ ti lu ihò sára páànù kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Kí ló wá kù fún mi? Kí n bó ọ̀rá aláwọ̀ búlúù tó bo páànù. Kí n to gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí n lu ihò rẹ̀ kó péye, kí n tún tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Kí n ha etí ihò kọ̀ọ̀kan, níwájú àti lẹ́yìn, nítorí etí tó bá rí ṣákaṣàka ni páànù ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ́jọ́ iwájú. Kí n tẹ ihò náà wọnú díẹ̀ kí orí ríbẹ́ẹ̀tì, ìṣó kékeré tí wọ́n fi ń kan páànù mọ́ra, má baà yọ síta. Kí n kun ún ní ọ̀dà tí kò ní jẹ́ kí ó jẹrà. Kí n tún un tò. Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi ríbẹ́ẹ̀tì kàn án: ìyàwó mi á di irin mú lẹ́yìn páànù, èmi á máa fi òòlù afẹ́fẹ́ lù ú níwájú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ríbẹ́ẹ̀tì. Ìwé tó bá a wá sọ irú ríbẹ́ẹ̀tì tó ń wọ ihò wo, bó ṣe gùn tó, àti bí ìdí rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó lẹ́yìn tí a bá lù ú tán. Kò sí ojú ewé kankan tó béèrè èrò mi. Ìgbàkígbà tí èrò bá sọ sí mi lọ́kàn, ńṣe ni mo máa ń gbé òòlù sílẹ̀ kí n lọ sùn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ọpọlọ tó ń parí bàálù, ti akọ̀wé ni, kì í ṣe ti wòlíì.

Àwọn tó ń wo fídíò tún máa ń sọ pé "ó kù díẹ̀ kó fò" nígbà tí wọ́n bá ti rí apá àti ìrù. Ha! Nígbà tó bá ti jọ bàálù yẹn ni wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wáyà wà níbẹ̀, páìpù epo wà níbẹ̀, búrèkì wà níbẹ̀. Ìdérí ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n fi fáíbà ṣe, á máa béèrè pé kí ẹ ha òun, kí ẹ tún ha òun, títí eruku rẹ̀ á fi máa yọ ara yín lẹ́nu lójú oorun. Èyí tó tún wá burú jù ni dígí orí tí awakọ̀ ń wo ìta gbà. Pílásítíìkì ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ayùn gé e. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, ó lè là láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, owó ńlá sì ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn tó wà lápá àríwá fi ń dúró de ìgbà ooru kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ooru kò kúkú wọ́n ní Texas. Ibi ìparí yìí ló ti ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n á ta bàálù ààbọ̀ fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹni tí FAA fún láṣẹ dé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré kan. Ó ní kí n ṣí gbogbo ìdérí. Ó yẹ ìwé àkọsílẹ̀ mi wò, fọ́tò lórí fọ́tò, kó lè dá a lójú pé èmi ni mo ṣe é. Ó ní kí n fa ọwọ́ ìdarí sápá òsì, ó lọ wo etí apá bóyá ibi tó yẹ ló ń yí sí. Kò yìn mí fún ọgbọ́n kankan. Kò sì bínú. Ṣáájú ọjọ́ náà, a ti gbé bàálù náà sórí òṣùwọ̀n mẹ́ta, ọ̀kan lábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, a ti ṣírò ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ dúró sí. Bí ìwọ̀n yẹn bá fi sẹ́yìn kọjá ààlà tí ìwé fún ni, imú lè gbé sókè kí ó má gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu mọ́. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò nínú àwọn fídíò yín nìyẹn: ẹ́ńjìnnì wúwo lẹ́yìn pátápátá, ọmọ tín-ín-rín níwájú. Ọpẹ́ ni pé wọn kì í gbéra.

Ìwé àṣẹ gan-an kò tíì parí ọ̀rọ̀. Wákàtí 40 ni wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ fi dán an wò lókè ibi tí èrò kò pọ̀ sí, tàbí 25 bí ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ti jọ fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó lè gbé ọ̀rẹ́ yín ṣeré. Ìkìlọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ níbi tí èrò á ti rí i kà, pé kì í ṣe iléeṣẹ́ ló ṣe é.

Ẹ ní owó ìjọba ló kù. Ó dára. Samuel Langley, ọ̀gá àgbà Smithsonian, ilé ìwádìí ìmọ̀ ńlá kan ní Amẹ́ríkà, gba $50,000 lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà láti ṣe bàálù tó máa gbé èèyàn. Ní oṣù Kẹwàá 1903, ó já sínú odò Potomac. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá wọ́n tún gbé e jáde, ó tún já sódò, wọ́n sì fa awakọ̀ rẹ̀ yọ nínú omi tútù nini. Ọjọ́ 9 lẹ́yìn ìyẹn ni Wilbur àti Orville Wright, tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ tà ní Dayton, fò ní North Carolina pẹ̀lú owó àpò ara wọn, kò sì tó $1,000. Ẹ má tíì pariwo "ẹ̀bùn!" Láti 1900 ni wọ́n ti ń dán bàálù aláìlẹ́ńjìnnì wò lórí yanrìn Kitty Hawk níbẹ̀. Nígbà tí ìṣirò tí wọ́n bá nílẹ̀ kò bá ohun tí ojú wọn rí mu, wọ́n kan àpótí kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá ní 1901, wọ́n sì dán nǹkan bí 200 oríṣi apá wò nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́.

Ẹni tó tẹ̀ lé ẹ̀bùn nìkan ńkọ́? Henri Mignet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe bàálù kékeré kan ní 1933 tó pè ní Pou-du-Ciel. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá lè di òòlù mú wá ṣe tirẹ̀, ó sì tẹ ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀ jáde ní 1934. Ilẹ̀ Faransé àti Bìrìtìkó ya wèrè fún un. Nígbà tó fi máa di 1936, àwọn èèyàn ti ń kú sínú rẹ̀. Wọ́n gbé odidi rẹ̀ sínú irú àpótí afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, tó tóbi gan-an, ní Farnborough ní Bìrìtìkó, wọ́n rí i pé bí imú rẹ̀ bá ti dorí kodò kọjá ìwọ̀n kan, bí awakọ̀ bá fa ọwọ́ ìdarí títí ọwọ́ rẹ̀ á fi já, kò ní gbé sókè mọ́. Bìrìtìkó kò fún un ní ìwé àṣẹ mọ́. Mignet fúnra rẹ̀ ti fi tirẹ̀ fò dáadáa, kò sì ṣe èké fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí kò sí ni ìdánwò.

Ẹnì kan á ní Burt Rutan ńkọ́, tí bàálù rẹ̀, VariEze, gbé apá kékeré síwájú dípò ìrù lẹ́yìn. Rutan kàwé gboyè nínú ẹ̀rọ òfurufú, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún dán bàálù wò fún àwọn ọmọ ogun òfurufú ní Edwards kó tó ta àwòrán bí wọ́n ṣe ń ṣe bàálù rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wá ẹlòmíràn.

Èyí tó tún ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Nàìjíríà tí ẹ ń bú ti ṣe é rí. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, iléeṣẹ́ AIEP ní Kaduna to bàálù ìkẹ́kọ̀ọ́ kan fún àwọn ọmọ ogun òfurufú wa, orúkọ rẹ̀ ni Air Beetle. RV-6A ni wọ́n gbé e kà, ẹ̀gbọ́n bàálù tó wà nínú háńgà mi, láti ọwọ́ VanGrunsven kan náà. Bàálù tí àwọn bàbá àgbà ń fi ṣe fàájì nínú gáràjì ni ìjọba Nàìjíríà fi kọ́ àwọn awakọ̀ ogun. Owó ìjọba wà níbẹ̀, iléeṣẹ́ wà níbẹ̀, àwòrán ẹni tó mọṣẹ́ ni wọ́n sì tẹ̀ lé.

Mo gbà pé nínú àwọn ọmọ inú fídíò, ó lè ní ọ̀kan tó mọ ohun tó ń ṣe. Mo gbà pé bàálù àfọwọ́ṣe máa ń já ju ti iléeṣẹ́ lọ pẹ̀lú. NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, sọ bẹ́ẹ̀ ní 2012, ẹ́ńjìnnì tó kú lókè àti awakọ̀ tí bàálù bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ló wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ni n kò ṣe fẹ́ kí ẹ máa ti ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn. Pé ìjọba wa kò dára, pé ó yẹ ká máa fi tiwa yangàn, mo ti gbọ́, n kò bá yín jiyàn, àmọ́ ìyẹn kò lè gbé apá bàálù ró.

Mo rí i pé wọ́n ti ń dáwó jọ fún ọmọ náà. Èmi náà á fi tèmi sí i. Ẹ fi sanwó kó lọ jókòó ti olùkọ́ nínú bàálù kékeré, kó mọ bó ṣe ń rí nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́ gbé apá bàálù mọ́. Àwọn tó ń kọ́ni wà ní Zaria, wọ́n wà ní Ilorin. Ẹ fi ra àwòrán bàálù Air Camper tí Bernard Pietenpol fi ẹ́ńjìnnì mọ́tò Ford gbé sókè ní Minnesota ní 1929; igi àti aṣọ ni, àwọn èèyàn sì ṣì ń ṣe é. Ẹ ra òṣùwọ̀n mẹ́ta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà kejì fún un.