Ẹ́ńsáìmù inú ìgò Ọjà Ọba

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, gbohùngbohùn lọ́wọ́ kan, ìgò funfun kékeré lọ́wọ́ kejì. Ó ń polówó "ẹ́ńsáìmù òyìnbó" tó ní ó ń tú kókó ọmú ká, tó sì ń wo jẹjẹrẹ tó máa ń mú àwọn bàbá níbi ìtọ̀. Ìyá kan sọ igbá tòmátì rẹ̀ kalẹ̀, ó béèrè bóyá ó lè ran ẹni tí wọ́n ti ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́. "Ìyá mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn yín o," ni ọkùnrin náà fi dá a lóhùn. Ìyá tú etí ìró, ó ń ka owó.

Ohun tó dùn wá jù ni pé ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí ń pè kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ẹ́ńsáìmù ni èròjà tí ara fi ń fọ́ nǹkan tàbí tó fi ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, èyí tó ń bá jẹjẹrẹ jà sì wà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn dókítà ti ń fi asparaginase, èyí tí wọ́n ń rí lára bakitéríà, tọ́jú àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Èyí tí wọ́n ń wá báyìí ni èyí tó máa kún àwọn oògùn tó ń tú ìjánu lẹ́nu ọmọ ogun ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àìsàn jà nínú ara wa, lọ́wọ́. Àwárí tó bí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ló gba Ẹ̀bùn Nobel fún James Allison àti Tasuku Honjo ní 2018. Ó ti gba ẹ̀mí là, àmọ́ ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kì í ràn lọ́wọ́.

Ẹni tó bá ti wa oyin lóko rí máa mọ ìdí kan níbẹ̀. Èéfín lèèyàn ń fín sí oyin, ara rẹ̀ á rọ̀, kò ní lè ta èèyàn bó ṣe fẹ́. Àwọn jẹjẹrẹ kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ogun ara wa. Wọ́n ń mú tryptophan, èròjà kan tó wà nínú ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà, wọ́n ń sọ ọ́ di kynurenine. Èéfín wọn nìyẹn. Ní 2018, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Texas ní Austin, Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn ti tún ẹ́ńsáìmù kan ṣe kó lè pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, kó sì máa fọ́ kynurenine. Ọmọ ogun ara àwọn eku tí wọ́n fún jí sí iṣẹ́.

Eku ni o. Lọ́dún yẹn kan náà, oògùn epacadostat, tó fẹ́ pa iná tí èéfín yìí ti ń jáde, kùnà nígbà tí wọ́n dán an wò lára èèyàn tó lé ní 700.

Èyí tó wà nínú ìgò Ọjà Ọba ńkọ́? Ẹ́ńsáìmù tí a bá gbé mì á bá ẹ̀wà àti ẹran nínú ikùn, bí ikùn ṣe ń lọ ìyẹn ló máa lọ òun náà. Kò ní dé ibi tí jẹjẹrẹ wà. Abẹ́rẹ́ ni tàwọn onímọ̀.

Òfin sọ pé NAFDAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìpolówó oògùn kó tó jáde. Kí ló wá dé tí rédíò ń polówó oríṣi èyí láàárọ̀ lálẹ́? Àwa oníwèé ìròyìn náà kò mọ́ níbẹ̀, owó ìpolówó dùn. À ń fẹ́ kí NAFDAC àti àjọ tó ń ṣàkóso rédíò dá a dúró, kí wọ́n sì mú ilé iṣẹ́ tó bá gbé e jáde.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ní tiẹ̀. Jẹjẹrẹ ló mú Gómìnà Akeredolu lọ ní Jámánì ní December 2023. Ìyàwó rẹ̀, tó borí jẹjẹrẹ ọmú, ló dá BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọmú, sílẹ̀ ní 1997. Ta ló wá lè ní òun ò mọ̀? Kí adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ san owó bíbu ẹran kókó lọ fún àyẹ̀wò, tán pátá, fún ẹnikẹ́ni tí dókítà bá ní kó lọ ṣe é. Bí ẹ́ńsáìmù tòótọ́ bá dé lọ́la, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi wá ni irú jẹjẹrẹ tó jẹ́.

A gba ìgò yẹn lọ́wọ́ ìyá náà, a yí i síwá sẹ́yìn. Kò sí nọ́ńbà NAFDAC kankan lára rẹ̀.