Èsì sí Màmá tó ní àwọn tó jókòó lẹ́yìn kò rí nǹkan kan

Ẹ kú ilé o, Mà. Ẹ kú ìnáwó ọjọ́ ìbí Bàbá, ẹ̀mí wọn á gùn sí i.

Ẹ kọ ọ́ pé fídíò eré ìdán mímọ èrò ọkàn tí a ṣe ní Kútọ̀, l'Ábẹ́òkúta, ló mú yín pè wá sóde, pé èrò rọ́ bò wá níbẹ̀, ariwo sì sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ yín ní Ìbarà, mò ń ti ìdí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, mò ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, àwọn tó wà lẹ́yìn kò sì rí nǹkan kan. Ìràwọ̀ méjì lẹ fún wa. Mà, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Ẹni tí mo bá dá dúró ní Kútọ̀, ọjà ló ń lọ. Ọlọ́kadà ń fọn fèrè, agbèrò ń pe Èkó. Ohun tí kò bá tètè yé e, á fi í sílẹ̀ lọ. Èyí tó tún le jù ni pé èrò ìgboro kò mọ ẹni tí mo pè jáde. Bí mo bá dárúkọ ìyàwó rẹ̀, wọ́n á ní a ti jọ dì í ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ nọ́ńbà tí ẹni náà mú lọ́kàn ni mò ń lò níbẹ̀, tí mo ti kọ sára pátákó gàdàgbà, kí ẹni tó wà ní òdìkejì títì lè kà á. N kì í sì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni ní ìgboro, nítorí ẹnì kan lè ké pé wọ́n ti gba nǹkan ọkùnrin òun, ẹ sì mọ ohun tí èrò lè ṣe fún onídán.

Ìdí tábìlì ni iṣẹ́ yìí ti dùn jù. Nígbà tí Bàbá ronú kan tíṣà tó kọ́kọ́ kọ́ wọn níwèé, tí mo sì pe orúkọ náà, ẹ̀gbọ́n wọn ló fò dìde. Ẹ̀gbọ́n yẹn ni ẹlẹ́rìí mi. N kò lè rí irú rẹ̀ ní Kútọ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí àwọn ọmọ yín fi pamọ́, ọwọ́ ẹni tó mọ ibẹ̀ ni mo dì mú tí mo fi rí i. Bí a bá ti ń súnmọ́ ọn, ọwọ́ náà á rọ̀. Bí a bá ń jìnnà, á le díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀. William Carpenter, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, ti ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1852 pé èrò ọkàn a máa mú iṣan ara mì láìjẹ́ pé ẹni náà fẹ́. Washington Irving Bishop, ará Amẹ́ríkà tó kú lọ́dún 1889, fi irú eré yìí lókìkí. Kò sí oògùn níbẹ̀, n kì í sì í sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Bí àlejò bá pọ̀, ọ̀nà kẹta wà: kí Bàbá mú àpòòwé kan tí ìdáhùn eré wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ òde, kí wọ́n wá ṣí i níwájú gbogbo ènìyàn nígbà tí a bá ń parí, pẹ̀lú makirofóònù. Ìgbéyàwó ọmọ yín tí ẹ ní ó ń bọ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká mọ iye tábìlì àti bóyá pèpéle wà. Owó kò ní lé lórí ti tẹ́lẹ̀.