Wọn Kò Yá Ẹnu Lọ́wọ́ Wa

Àwọn tó láàánú akàndá ẹ̀dá jù lọ ni wọ́n sábà máa ń sọ ọ́: "Ẹ jẹ́ ká gbẹnu sọ fún wọn, torí wọn kò lè sọ ti ara wọn." Irọ́ ni. Irọ́ tó ń pani lára sì ni, nítorí ẹni tí a bá ti gbà pé kò lè sọ̀rọ̀, ta ló máa dúró gbọ́ tirẹ̀?

Ẹ wo Mel Baggs, ará Amẹ́ríkà tó ní ọ́tísìmù, tí kì í fẹnu sọ̀rọ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ní January 2007, ó gbé fídíò kan jáde. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń kùn, ó ń mi ara, ó ń fọwọ́ kan àwọn nǹkan tó wà láyìíká rẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú á ti pinnu pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, tí ohùn kọ̀ǹpútà kà á jáde: ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wò yẹn, èdè òun ni, bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe ń bá ohun tó yí òun ká sọ̀rọ̀. Ó ní ìgbà tí òun bá tẹ èdè tiwa nìkan ni a tó gbà pé òun sọ nǹkan. Mo ti wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mi ò tíì rí èsì tí mo lè fún un.

Àwọn mìíràn á ní bí akàndá ẹ̀dá bá tilẹ̀ kọ nǹkan, ẹlòmíràn ló ń bá wọn kọ ọ́. Rárá o. Ẹni tí kò ríran ń lo ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka gbogbo ohun tó wà lójú ẹ̀rọ sí i létí, bọ́tìnnì ló sì fi ń lọ láti ìlà dé ìlà. Ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, NVDA, Michael Curran àti James Teh ló ṣe é ní Australia, láti 2006. Àwọn méjèèjì kò ríran, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń fún aráyé. Ohun tó ń dá irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ dúró ni àwòrán tí a kò ṣàpèjúwe, tàbí fọ́ọ̀mù tí kò gba bọ́tìnnì. Ẹ̀bi ẹni tó ṣe ojú ewé náà nìyẹn.

Ohun tí wọ́n sì ń kọ ńkọ́? A máa ń retí ìtàn amóríyá. Stella Young, akọ̀ròyìn ará Australia tó lo àga onítáyà nígbà ayé rẹ̀, kọ̀wé ta ko irú ìrètí bẹ́ẹ̀ gbangba ní 2012, ó sì sọ lórí pèpéle ní 2014 pé kò sí bí èèyàn ṣe lè rẹ́rìn-ín sí àtẹ̀gùn tó, kò ní torí ìyẹn di ọ̀nà tí àga onítáyà lè gùn. Ní January 2012, àwọn akàndá ẹ̀dá ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣàìsàn, gbé ìròyìn kan jáde tí wọ́n fi owó ara wọn ṣe. Wọ́n béèrè fún èsì tí àwọn ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìjọba lórí àyípadà owó ìrànwọ́ wọn, wọ́n kà á, wọ́n sì fi hàn pé púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ náà kò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ ìwádìí gidi ni. Ta ló gbẹnu sọ fún wọn níbẹ̀?

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ akàndá ẹ̀dá, tí wọ́n gbà wọlé ní December 2006, sọ ọ́ ní abala 4 pé kí ìjọba máa fọ̀rọ̀ lọ àwọn fúnra wọn lórí òfin tó kàn wọ́n. Èrò wọn kò sì ṣọ̀kan. Wọ́n ń bá ara wọn jiyàn gan-an, èyí tí agbẹnusọ kan ṣoṣo máa ń pa mọ́.

Òótọ́ ni pé àwọn kan nílò ẹni tó máa jókòó tì wọ́n kí wọ́n tó lè sọ èrò wọn. Iṣẹ́ onítọ̀hún ni kó béèrè, kó sì dúró de èsì, bó ti wù kó pẹ́ tó. Kò sí lára iṣẹ́ náà pé kó bá wọn parí gbólóhùn.